Johnson, Ọmọ Ta Ni?

Bí àlejò bá wọ abúlé kan ní agbègbè Akínyẹlé tàbí Lágelú, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á ní kó jókòó, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. "Ọmọ ta ni ọ́?" ni. Bó bá ní ọmọ Lásísì ni òun, wọ́n á ní, "Lásísì ti ilé wo?" Yóò dárúkọ agboolé kan nígboro Ìbàdàn, torí pé abúlé tí kò ní agboolé tó bí i nígboro kò pọ̀ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á tún fẹ́ mọ ẹni tó bí Lásísì. Ìgbà tí ẹnìkan bá wá rántí pé baba-baba rẹ̀ àti baba tòun jọ pààlà oko ni ara gbogbo wọn tó balẹ̀. Orúkọ àlejò fúnra rẹ̀ lè má jẹ yọ títí tí yóò fi dìde pé òun ń lọ.

Ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí ni Johnson nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láyé. Ẹ là á sí méjì, ẹ ó rí i: John, àti son. Son ni ọmọkùnrin lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ John, ọmọ Jòhánù. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè bẹ́ẹ̀ ní abúlé rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é. Ṣe ni wọ́n kàn fi Johnson yà á sọ́tọ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwa náà ń ṣe é lójoojúmọ́: "Múfú ọmọ Ràímì ni mò ń wí o, mi ò wí Múfú ọmọ Alájà." Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ tiwa, iwájú ló máa ń wà, kò sì sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn ló so mọ́, akọ nìkan ló sì mọ̀. Ọmọbìnrin á jẹ́ Johnson láti kékeré títí dàgbà, yóò máa buwọ́ lu ìwé pé ọmọkùnrin Jòhánù lòun, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Jòhánù fúnra rẹ̀ rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Hébérù ni orísun rẹ̀, Yohanan, tó túmọ̀ sí pé Olúwa ṣàánú, Olúwa ṣojúrere. Ká ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ni, Olúwaṣàánú là bá máa pè é. Àwọn Gíríìkì sọ ọ́ di Ioannes, àwọn ará Róòmù ní Johannes, Gẹ̀ẹ́sì gé e kúrú. Ivan àwọn ará Rọ́ṣíà, Juan àwọn ará Spéènì, Jean àwọn ará Faransé, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa kọ ọ́ ní Johanu, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá àwọn onígbàgbọ́ dé oko. Ṣùgbọ́n ó ti wà lóko ṣáájú wọn. Yahaya inú Kùránì, Ànábì Yahaya ọmọ Sakariya, òun náà ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ìmàle sì ti wà ní Ìbàdàn kí oníwàásù kankan tó mú Bíbélì wọ ibẹ̀. Ọmọ Lálúpọn ní Lágelú tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Yahaya, tí tíṣà wá kọ Yahaya tì í lẹ́yìn orúkọ, Johnson lòun náà. Kò kàn mọ̀ ni.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sọ ìdáhùn di orúkọ ni pé àwọn Jòhánù pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ará Normandy ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun wọn ní 1066, wọ́n pa ọ̀pọ̀ orúkọ àtijọ́ tì. Orúkọ díẹ̀ ni gbogbo ìlú wá ń pín jẹ: William, Robert, Richard, àti John tó wá gbilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú abúlé kékeré kan, o lè rí John mẹ́fà. Ẹnìkan á wá jẹ́ John alágbẹ̀dẹ, ìyẹn Smith. Ẹlòmíràn á jẹ́ John tó ń gbé lẹ́bàá odò. Ẹlòmíràn á jẹ́ John pupa. Àwọn ọmọ wọn náà á di ọmọ ẹni báyìí. Apá àríwá ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti fẹ́ràn son jù. Apá gúúsù àti Wales, lẹ́tà s lásán ni wọ́n ń fi sí i, ibẹ̀ ni Jones ti jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ yìí kì í jogún. Bí Johnson kan bá ń jẹ́ William, tó sì bí Robert, Williamson ni Robert máa jẹ́, torí pé ọmọ William ni. Johnson bàbá rẹ̀ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn akọ̀wé ìjọba ló dá a dúró. Ní 1377, 1379 àti 1381, ọba wọn gba owó orí káàkiri ilẹ̀, ẹni tó bá sì ń gba owó orí kò ní fẹ́ kí ẹni tó kọ lọ́dún tó kọjá máa jẹ́ orúkọ mìíràn lọ́dún yìí. (Owó orí ti 1381 yìí ló mú kí àwọn àgbẹ̀ wọn dìde ogun, wọ́n sì ya wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà, tó mọ ohun tí Tàfá Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ Àkànràn ṣe ní 1968 àti 1969, kò ní í yà á lẹ́nu.) Ní 1538, Thomas Cromwell pàṣẹ pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Láti ìgbà náà, o ò nílò bàbá tó ń jẹ́ Jòhánù mọ́ kí o tó jẹ́ Johnson. Ọ̀kan ṣoṣo tó ti wà nínú ìran rẹ láti bí igba ọdún sẹ́yìn ti tó. Ní erékùṣù Iceland, wọ́n kọ̀ jálẹ̀: títí dòní, ọmọkùnrin Jón ni Jónsson, ọmọbìnrin rẹ̀ ni Jónsdóttir, ọmọ Jónsson náà á sì gba orúkọ bàbá tirẹ̀. Bí ará Iceland bá dé Ejíòkú ní Lágelú, kò ní í nílò àlàyé púpọ̀.

Orúkọ míì wà tí àwọn èèyàn máa ń kà mọ́ Johnson, ìyẹn Johnstone ti àwọn ará Scotland. Ìyẹn kì í ṣe ọmọ Jòhánù o. Ìlú Jòhánù ni, oko Jòhánù. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gba orúkọ náà kí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń ka orúkọ abúlé tó yí Ìbàdàn ká. Ẹ wo Akínyẹlé: Ajíbádé, Ajíbọ́dé, Lánibá, Lábọ̀dé, Amósùn, Ọ̀jẹ́dèjì. Ẹ wo Lágelú: Ogúnrẹ̀mí, Ogúnṣínà, Ogúnbọ̀dé. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, Kásúmù wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe orúkọ èèyàn. Lágelú pàápàá, ẹni tí ìtàn ní ó tẹ Ìbàdàn dó ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ náà. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbé orúkọ bàbá lé ọmọ lórí títí láé, ilẹ̀ ni tiwa gbé e lé. Àwọn ọmọ ń jẹ́ ohun tó wu olúkúlùkù. Ilẹ̀ ló ń jẹ́ Ogúnrẹ̀mí. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ ilẹ̀ agbègbè yìí fi máa ń kún fún orúkọ àwọn òkú, tí mọlẹ́bí tó ń ta púlọ́ọ̀tì lónìí fi ń wá orúkọ kan tí gbogbo wọn yóò jọ jẹ́ níwájú adájọ́, nígbà tí wọn kò jẹ ẹ́ pọ̀ rí.

Johnson kò gba ọ̀nà oko wọ ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, ìtàn náà kò sì dùn ún sọ. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn a máa mú ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, wọ́n a sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun kó nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń dàrú. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, wọ́n á pín wọn sí abúlé tó yí Freetown ká: Regent, Hastings, Waterloo, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá wá fẹ́ ṣèrìbọmi, orúkọ òyìnbó ni, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn olóore wọn ní òkè òkun ló sì sábà ń fún wọn ní orúkọ tiwọn jẹ́. Báyìí ni Àjàyí ọmọ Òṣòògùn ṣe di Samuel Crowther ní 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Johnson wà lára orúkọ àwọn míṣọ́nnárì náà: ní Regent, láti 1816 títí di 1823 tó kú sójú òkun, ajíhìnrere Church Missionary Society (CMS) kan wà tó ń jẹ́ William Augustine Bernard Johnson. Iṣẹ́ rẹ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé òun gan-an kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Hanover, nílẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ ṣúgà ló ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó di ajíhìnrere.

Ní Hastings, ọmọ Ọ̀yọ́ kan wà tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni, ọmọ ọba. Erugunjinmi ni orúkọ rẹ̀. Ìrìbọmi sọ ọ́ di Henry Johnson. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un gbọ́: ọmọ ọba Ọ̀yọ́, tí ẹni gbogbo lè ka baba-baba rẹ̀ sórí ìka, ló di ọmọ Jòhánù kan tí kò rí rí. Ní nǹkan bí 1858, ó bá ajíhìnrere David Hinderer dé Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn láti 1853. Ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn Johnson dé, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní oṣù Kẹta 1862, ibi tí ìlú náà wà ló di ara ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí. Inú ọdún ogun yẹn, tí ọ̀nà dí, tí owó àti oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ajíhìnrere mọ́, ni àwọn ọmọ Henry Johnson ń dàgbà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel, tí wọ́n bí ní Hastings ní 1846. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Abẹ́òkúta, ó padà wá ṣe tíṣà ní Ìbàdàn, ó ṣe katikísìtì ní Arẹ́mọ níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di díákónì ní 1880. Nígbà tí ogun Kírìjì gbóná, òun àti àlùfáà Charles Phillips ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Lẹ́yìn náà ló di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ìlú àwọn baba rẹ̀. Ní 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ. Ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, ìwé náà sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láì rí i. Obadiah àbúrò rẹ̀, dókítà oníṣègùn, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó sì tún un kọ. 1921 ni ìwé náà tó jáde, tí òun náà sì ti kú.

Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn yóò rí orí kan níbẹ̀ tó dá lórí orúkọ nìkan. Orúkọ àmútọ̀runwá: Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Ìgè, Dàda. Orúkọ àbísọ. Oríkì. Orílẹ̀. Orúkọ àbíkú. Ó tò wọ́n, ó ṣàlàyé wọn, ó sọ èyí tó jẹ́ ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Nínú àwọn ìwé ọ̀rúndún yẹn, n kò mọ èyí tó gbìyànjú tó o lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Samuel Johnson, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì kan ti jẹ lódindi ṣáájú rẹ̀, ẹni tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè wọn ní 1755. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rí ẹ̀sín níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti yọ lára ni ń mọ bí àpá ṣe rí. Ọmọ Ìbàdàn tó ń jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ láìrò ó kò ní jókòó to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ Erugunjinmi mọ̀ pé orúkọ lè bọ́ sọnù láàárín ìran kan ṣoṣo.

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà sí Èkó, náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń parí lọ. David Brown Vincent di Mojọlá Àgbẹ́bí ní 1894. Dókítà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alexander Johnson Williams; ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó di Ògúntọ́lá Ṣàpárà. James Johnson, àlùfáà tí wọ́n ń pè ní "Holy Johnson" torí pé kò gbọ̀jẹ̀gẹ́ nínú ẹ̀sìn, takú pé orúkọ Yorùbá ni kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ níbi ìrìbọmi. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Johnson títí tó fi kú ní 1917. Kò sì bá Samuel tan rárá. Àwọn méjèèjì kàn jọ ń jẹ́ ọmọ Jòhánù ni.

Bí ẹ bá wá wo àwọn tí Hinderer ṣèrìbọmi fún ní Ìbàdàn àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ó rí i pé nǹkan yàtọ̀. Daniel Olúbí. James Òkúṣèíndé. Robert Scott Oyèbọ̀dé. Josiah Akínyẹlé. Orúkọ òyìnbó wà níwájú, ti ilé wà lẹ́yìn. Mo rò pé ìdí rẹ̀ kò le: àwọn wọ̀nyí kò kúrò láàárín àwọn tó bí wọn. Ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ṣì wà nílé, ta ni yóò sọ fún un pé ọmọ Jòhánù ni? Ọmọ Josiah Akínyẹlé méjì di èèyàn ńlá. Alexander ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ibadan Grammar School ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Isaac kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Akínyẹlé tí wọ́n ń jẹ́, orúkọ tí wọ́n sọ bàbá wọn fúnra rẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì ì bá pè wọ́n ní Akínyẹléson.

Ní abúlé, ọdún 1955 ló dà bí 1538 ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún yẹn ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ọmọ oko sì ya wọ kíláàsì tí wọ́n fi bírígì alámọ̀ kọ́. Tíṣà jókòó ti rẹ́jísítà rẹ̀, ó bi ọmọ léèrè pé, "Kí ni orúkọ bàbá ẹ?" Ọmọ tí kò pe bàbá rẹ̀ lórúkọ rí láyé! Ẹ wò ó, nínú agboolé kan náà, ìyàwó tó bá bá ọmọ nílé kì í pe ọmọ náà lórúkọ. Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Eyínafẹ́ ni yóò máa pè é. Ọmọ mìíràn dáhùn pé Àlàbí, torí oríkì tí ìyá àgbà fi ń pe bàbá rẹ̀ ló ń gbọ́. Ẹlòmíràn dárúkọ baba-baba. Ẹlòmíràn tí àbúrò bàbá mú wá sílé ìwé, orúkọ àbúrò bàbá ni tíṣà kọ sílẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà mẹ́rin lè jáde ìwé mẹ́fà pẹ̀lú orúkọ bàbá mẹ́rin, kí wọ́n sì jọ máa jẹun nínú àwo kan náà lálẹ́ láìsí wàhálà.

Bí ọmọ náà bá wá dàgbà tó bí tirẹ̀, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni ọmọ á máa jẹ́ níwájú tíṣà: Múfú ọmọ Lásísì bí Sàkírù, Sàkírù di Sàkírù Múfútáù. Àwọn ará ìgboro tó kàwé máa ń bú wọn pé wọn ò mọ ètò. Ètò ni, ètò William Johnson tó bí Robert Williamson. Ohun tí ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe kí owó orí tó dé náà ni.

Ìyà rẹ̀ wá dé lórí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí báǹkì ti ń béèrè BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà, àti pàápàá láti oṣù Kejìlá 2020 tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà fóònù mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ̀rọ kì í gbọ́ "ilé wo?" mọ́. Bí Àlàbí bá wà lórí sátífíkéètì, tí Lásísì wà lórí káàdì ìdìbò, èèyàn méjì ni lójú rẹ̀. Ẹni náà á lọ búra ní kọ́ọ̀tù, á sanwó fún ìwé ìròyìn kí wọ́n lè kéde pé Lásísì àti Àlàbí, ẹnìkan náà ni. Èmi ò ní í sunkún nítorí orúkọ tó dúró sójú kan, torí mo mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe máa ń há sí ọ̀nà fún opó tí orúkọ ọmọ rẹ̀ kò bá ti òkú mu. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a dúró sójú kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ibi tí olúkúlùkù wà nígbà tí tíṣà gbé kálámù ló há sí.

Johnson ní tirẹ̀ ti kárí ayé. Nínú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ní 2010, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún èèyàn tó ń jẹ́ ẹ. Smith nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ àwọn tó gba òmìnira ní 1865, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti wá orúkọ kejì kan jẹ́ níwájú akọ̀wé. Jack Johnson, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ṣẹ́ ńlá jù lágbàáyé ní 1908, ọmọ irú wọn ni. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, àwọn ará Sweden tó ń jẹ́ Johansson ló dé ibẹ̀ tí wọ́n di Johnson. Ní Èkó, Mọ́bọ́lájí Johnson ni gómìnà ológun àkọ́kọ́, láti 1967 títí di 1975.

Bí mo ṣe ń wo wọn ni mo ń rí i pé bí Johnson kan bá ṣe lókìkí tó ni Jòhánù ṣe ń jìnnà sí i. Ellen Johnson Sirleaf, tó ṣe ààrẹ Liberia, ọmọ ẹ̀yà Gola ni bàbá rẹ̀. Torí pé baba-baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ Ààrẹ Hilary Johnson ni wọ́n fi sọ bàbá rẹ̀ lórúkọ yẹn. Boris Johnson, tó ṣe olórí ìjọba Bìrìtìkó, ọmọ Túúkì ni baba-baba-baba rẹ̀, Ali Kemal, akọ̀ròyìn tí wọ́n pa ní 1922. Osman ni ọmọ Ali Kemal. Ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ ní England, orúkọ ilé bàbá ìyá àgbà náà ni Johnson, ìyẹn sì ni Osman mú. Bí Boris bá dé Ẹrúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọ́n ní "ọmọ ta ni ọ́?", Kemal ni wọ́n máa bá lẹ́nu rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Orúkọ ilé obìnrin nìkan ni fọ́ọ̀mù kò tíì rí mú ní abúlé wa. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ Johnson, Johnson ló sábà máa ń di, ti bàbá rẹ̀ á wọlẹ̀. Nítorí náà ni báǹkì fi ń béèrè orúkọ tí ìyá rẹ ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, kí wọ́n lè fi mọ̀ ọ́ bí ẹnìkan bá fẹ́ fi orúkọ rẹ gbówó. Wọ́n gbà pé ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ọ̀nà-Àrà á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bí wọ́n ṣe ní kó kọ ọ́. Àṣàkẹ́ ìyá rẹ̀, ogún ọdún ló ti wà nílé ọkọ, ìyá Múfú ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Àmọ́ kò sí àríyá tí onílù dé tí kò ní í ki ilé bàbá rẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn, láti orí baba tó bí i dé orí ẹni tó tẹ abúlé wọn dó, títí tí yóò fi tọwọ́ bọ àpò náwó fún un.